Ààtàn Kọ Táyà

Àwọn baba wa ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Wọn ò parọ́. Ààtàn ìgbà tiwọn gba eérú, ó gba èèpo iṣu, ó gba ewé ẹ̀kọ, ó gba àpáàdì ìkòkò tó fọ́ mọ́ ìyàwó tuntun lọ́wọ́. Tó bá gbà á tán, á jẹ ẹ́ mọ́nú. Nígbà tí òjò bá dé, á wá fi tẹ̀tẹ̀ àti tòmátò tẹ́nìkan ò gbìn san oore padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa òwe náà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣàgbà, pé kó gba tèwe tàgbà mọ́ra.

Àwa gbọ́ òwe, a ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ọ̀gá kan pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́sẹ̀ jíìpù rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ bi í pé níbo ni kí òun kó àwọn tó ti jẹ tán sí. Ọ̀gá fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn ògiri. Ẹ̀yìn ògiri ni gọ́tà wà, ẹ̀yìn gọ́tà sì nilé ẹlòmíì. "Ṣebí ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀?" Ó sọ ọ́ bí ẹni tí Ọ̀rúnmìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀ tán. Nílùú wa lónìí, ibi tójú onílé ò bá tó ti di ààtàn: abẹ́ afárá, ilẹ̀ tí wọ́n rà tí wọn ò tíì kọ́, etí odò. Ìbàdàn tó rí omíyalé Ògùnpa ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó tún rí òmíràn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, náà ló ṣì ń ju táyà sójú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí òwe tó kàn yìí: ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.

Ká sòótọ́, ààtàn kọ táyà. Ẹ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ààtàn ńlá. Tí wọ́n bá ri odindi táyà mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ìdọ̀tí á kó sínú ihò rẹ̀, táyà á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọrí síta. Òkú tó ń jí fúnra rẹ̀ ni. Àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ríri odindi táyà mọ́ ààtàn ní 2003, wọ́n de èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ náà ní 2006. Kì í ṣe pé òyìnbó gbọ́n jù wá lọ o. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n da nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì táyà sínú òkun nítòsí Fort Lauderdale ní Florida, wọ́n ní ẹja á fi ṣe ilé. Okùn tí wọ́n fi dì wọ́n já, táyà ń yí kiri nísàlẹ̀ òkun, ó ń fọ́ ilé tí ẹja ti ní tẹ́lẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn òmùwẹ̀ ológun tó máa fà wọ́n jáde.

Ẹ padà sẹ́yìn ògiri ọ̀gá. Lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo inú táyà yẹn. Bó wù kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ dé, omi ò ní tán níbẹ̀. Ẹ gbé e lápá ọ̀tún, omi á sá sápá òsì. Omi náà dúdú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ewé ti jẹrà sí i, tanwíjí sì ń jó nínú rẹ̀. Ẹ̀fọn tó fẹ́ràn ibẹ̀ jù ni ẹlẹ́sẹ̀ abilà funfun tó ń gbé ibà apọ́njú kiri, ọ̀sán gangan ló sì ń jẹni, kò kan nẹ́ẹ̀tì tí ọ̀gá ta sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹyin rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ rọ́bà gbígbẹ fún oṣù mélòó kan, kó máa retí òjò. Irú tó ti Éṣíà wá bá táyà àlòkù wọ Amẹ́ríkà, wọ́n rí i ní Houston ní 1985. Ní 1991, wọ́n rí i ní Nàìjíríà náà. Ẹ̀fọn pàápàá ti di tòkúnbọ̀.

Àwọn kan á ní kí wọ́n dáná sun ún. Iná táyà kì í gbọ́ ìpẹ̀. Èyí tó ràn nítòsí Winchester ní Virginia ní 1983, lórí nǹkan bíi mílíọ̀nù méje táyà, oṣù mẹ́sàn-án ló fi jó. Tiwa ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́n sí i. Ọmọkùnrin kan á sun táyà kó lè rí wáyà inú rẹ̀ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹlòmíì á kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, á fi wí awọ, májèlé inú èéfín á sì lẹ̀ mọ́ pọ̀nmọ́. Táyà tí ọ̀gá jù sẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ Ajé lè bá a pàdé nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tí ààtàn kọ̀, ikùn gbà á.

Níbo ni táyà wọ̀nyí ti ń wá? Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop ti tiẹ̀ ní Ìkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, òkèèrè la ti ń kó táyà wọlé, òfin sì de àlòkù, síbẹ̀ ó ń gba ibodè wọlé. Táyà tó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀mí rẹ̀ ní Jámánì, ọjọ́ mélòó ló fẹ́ lò lójú pópó wa kó tó dé gọ́tà?

Ní Ìbàdàn kan náà, ilé iṣẹ́ kan wà, Freee Recycle, tí Ifedolapo Runsewe dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020. Wọ́n ń lọ táyà, wọ́n ń fi ṣe bíríkì ìtẹ́lẹ̀ àti táìlì rọ́bà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters ròyìn wọn ní 2021, 70 sí 100 náírà ni wọ́n ń san lórí ẹyọ kan. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí akólẹ̀ kan gba iwájú ilé yín kọjá. Ní California, ẹni tó bá ra táyà tuntun á san dọ́là 1.75 lé e lórí, wọ́n sì ń fi lára owó náà tọ́jú èyí tó ti gbó. Ìjọba tiwa gbowó ibodè, ó gbàgbé táyà síta.

Ṣùgbọ́n a ò ní dúró dè wọ́n. Tẹ́ ẹ bá lọ pààrọ̀ táyà, ẹ fi àlòkù sílẹ̀ fún fọkanáísà, kẹ́ ẹ sì bi í pé ta ló ń wá kó o. Tí kò bá dárúkọ ẹnì kankan, ẹ wá ẹni tí yóò dárúkọ. Èyí tó ti wà lẹ́yìn ògiri yín, ẹ lu ihò sí i lára, kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé kí òjò tó dé.