Aṣọ Tí Yóò Nu Ọkọ̀ Fún Ni

Àwọn àgbà tó pa á lówe pé ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò, kò tíì rí fọ́ọ̀mù tó bo bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò mọ́lẹ̀. Ká ní wọ́n rí i ni, wọn ì bá fi kún òwe náà pé aṣọ tí yóò nu ọkọ̀ fún ni, ara tirẹ̀ là á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láyé tí a wà yìí, èèyàn á ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní owó tó lè kọ́lé sábúlé, á ra ọṣẹ ọkọ̀ olóòórùn ọsàn, á ra wáàsì, á tún sanwó kí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì bò ó lára. Lẹ́yìn gbogbo èyí, á wá fa ọkọ̀ náà lé àkísà kan lọ́wọ́, àkísà tí kò fojú kan omi mímọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n á ní kì í ṣe àkísà, pé máíkírófáíbà ni. Orúkọ ńlá kì í fọ aṣọ. (Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìjọba ni mò ń bá wí o, táwẹ̀lì ni.)

Máíkírófáíbà kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1970 ni Miyoshi Okamoto, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Toray ní Japan, ṣe fọ́nrán rẹ̀ jáde, aṣọ wíwọ̀ tó rí bí awọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe, kó tó di ohun tí ayé fi ń nu nǹkan. Pọlisítà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, náílọ́ọ̀nù ló tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sábà máa ń jẹ́ 80 sí 20 tàbí 70 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì, wọ́n sì tún là á sí wẹ́wẹ́ kí omi àti eruku lè rí àyè sá sí. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ni pé kó gbá ìdọ̀tí mú, kó má sì jẹ́ kó lọ mọ́, ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Ohun tí àwọn tó ń lò ó kì í rò ni pé ohun tó gbá mú láàárọ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀ lọ́sàn-án. Inú rẹ̀ ló ń gbé, á sì bá a dé orí ọkọ̀ tó kàn.

Ẹ dúró ti káà wọ́ọ̀ṣì kan létí títì nígbà ọyẹ́, ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, kí ẹ sì wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi tí wọ́n pọn láàárọ̀ ti pọ́n kí oòrùn tó mú, iyanrìn ti sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ á nu rímù tán, á ri táwẹ̀lì bọ omi yẹn, á fún un, á sì gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ tààrà. Bó bá já bọ́ sílẹ̀, á gbọ̀n ọ́n mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kúọ́tísì wà lára eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti Sàhárà, ó sì le ju kílíà tí wọ́n fi bo ọ̀dà ọkọ̀ lọ dáadáa. Kílíà ọ̀hún kì í sábà nípọn ju nǹkan bí 50 máíkírọ́ọ̀nù lọ. Irun orí kan ṣoṣo sábà máa ń nípọn jù ú lọ. Tó bá dalẹ́ tí ọkọ̀ náà dúró lábẹ́ iná ilé epo, ẹ ó rí ilà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó ń yí po lórí ọ̀dà dúdú, olówó ọkọ̀ á sì máa wá ẹni tó họ ọ́. Òun ló sanwó fún un.

Lẹ́yìn èyí ló máa gbé ọkọ̀ lọ fún oní-pólíìṣì. Ṣe ni pólíìṣì ń há díẹ̀ kúrò lára kílíà yẹn kí ilà lè pòórá, kílíà kì í sì í hù padà. Wọ́n á gbé ọkọ̀ fún un ní dídán, táwẹ̀lì àná á tún gbà á lálejò lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá ṣì ń gbìyànjú àtitọ́jú ara. Eléyìí ń bó awọ ara ni.

Àwọn kan á ní irọ́ ni, pé àwọn ń fọ táwẹ̀lì àwọn. Mo gbà. Bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ gan-an ló ń pa á. Omi tó ń hó yèè máa ń ba fọ́nrán náà jẹ́, nítorí ike ni; áyọ́ọ̀nù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bílíìṣì tí ẹ dà sí i nítorí ó ti dúdú ń jẹ náílọ́ọ̀nù inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àbàwọ́n tí kò lọ kò sọ táwẹ̀lì di ìdọ̀tí. Ọṣẹ lúbúlúbú ìkúnwọ́ mẹ́ta kì í ṣàn tán, èyí tó kù á gan sínú rẹ̀. Sọ́fúnà, èròjà tí wọ́n fi ń mú kí aṣọ rọ̀, ni baba gbogbo wọn. Èèyàn á rò pé ohun tó bá rọ̀, tó ń ta sánsán, ó ti mọ́ nìyẹn, àmọ́ ohun tí sọ́fúnà ń ṣe ni pé ó ń bo fọ́nrán lára, bí ìgbà téèyàn bá ri kànrìnkàn sínú òróró kó tó wẹ̀. Ẹ kán omi sórí táwẹ̀lì tí wọ́n ti fi sọ́fúnà kẹ́ fún oṣù mélòó kan: omi á dúró lókè, kò ní wọlé.

Èyí tí kò tíì kú ṣeé jí. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò ju 40°C lọ, àti ọṣẹ olómi díẹ̀ tí kò ní sọ́fúnà nínú ló fẹ́. Kí wọ́n rẹ ẹ́ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fi ọwọ́ rin ín, kí wọ́n sì ṣàn án títí fọ́ọ̀mù á fi tán nínú omi. Tó bá jẹ́ omi kànga ẹ̀rọ tó máa ń fi funfun sílẹ̀ lára ìkòkò lẹ ń lò, fínígà díẹ̀ nínú omi ìṣàn tó kẹ́yìn á tú u. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ bílíìṣì. Gáàsì olóró ló ń jáde níbẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Táwẹ̀lì òwú kò gbọ́dọ̀ bá a wọ inú omi kan náà, torí gbogbo ohun tí òwú bá ń gbọ̀n sílẹ̀ lòun á gbá mú. Èyí tí wọ́n fi ń nu wáàsì kò gbọ́dọ̀ bá ti gíláàsì pọ̀. Kí wọ́n wá sá a síbi tí eruku títì kò ti ní bá a.

Àríwísí tó lágbára jù ni pé táwẹ̀lì kò wọ́n, kí wọ́n jù ú nù, kí wọ́n ra òmíràn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Tuntun náà ní ìfọ̀ kó tó fara kan ọkọ̀, nítorí ó máa ń gbọ̀n, lébẹ́ẹ̀lì líle etí rẹ̀ sì ń họ ọkọ̀ bí wọn kò bá gé e. Pọlisítà tí ẹ jù sí gọ́tà kì í jẹrà bí ewé. Yóò dí gọ́tà náà ni. Òótọ́ ni pé fífọ̀ pẹ̀lú ní ẹ̀bi tirẹ̀: ìwé kan tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá àti àyíká, gbé jáde ní 2017 fojú bù ú pé nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ike wẹ́wẹ́ tó ń wọ inú òkun ní tààrà ló ń wá láti inú aṣọ oní-ike tí à ń fọ̀. Ìyẹn ló fi yẹ ká rọra fọ̀ ọ́, ká sì jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́, dípò ká máa ra ike tuntun lóṣooṣù.

Ẹni tó bá sì ní ọ̀nà wa burú débi pé ilà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, n kò bá a jà. Kó fi ṣẹ́ẹ̀tì tó ti gbó nu ọkọ̀ rẹ̀, kó sì tọ́jú owó wáàsì sápò. N kò sì di ẹ̀bi ru àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀. Ọ̀gá tó fún wọn ní táwẹ̀lì méjì fún ọkọ̀ ogún ni mo bá wí, àti oníbàárà tó dúnàádúrà títí owó ọṣẹ fi tán lára owó iṣẹ́. Kí ọ̀gá pèsè bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ìṣàn, kó sì ya táwẹ̀lì rímù sọ́tọ̀. Èyí tó bá ti já bọ́ sínú iyanrìn, iṣẹ́ rẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì parí lọ́jọ́ yẹn. Àfi kí wọ́n máa fi nu táyà àti ẹ́ńjìnnì.