Hagfish àti Macaw: Ẹ Wá Wo Ẹbí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí macaw, torí bí n kò bá kí i, kò ní jẹ́ ká gbọ́ràn. Odídẹrẹ́ ńlá ti Gúúsù Amẹ́ríkà, aṣọ àríyá lọ́jọ́ Mọ́ńdè! Odídẹrẹ́ tiwa, ìkóóde ìdí rẹ̀ nìkan ló pupa, ọba sì ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́ adé. Èyí fi àwọ̀ bora látòkè délẹ̀, síbẹ̀ igbe ló ń ké. Ẹni tó bá ń sìn ín nínú fúláàtì ní Toronto yóò mọ gbogbo aládùúgbò rẹ̀ lórúkọ, torí wọ́n á wá kanlẹ̀kùn níkọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku hagfish, ẹja inú òkun. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kò sí. Ojú tó ní náà, abẹ́ awọ ló fi pamọ́ sí. Inú òkú ẹja ló máa ń wọ̀, á wá máa jẹ ẹ́ láti inú bọ̀ síta. Fọwọ́ kàn án báyìí, kíá, ó ti tu ikun, omi yóò sì máa fà bí ewédú. Bí ikun náà bá wá sú òun fúnra rẹ̀, á ta ara rẹ̀ ní kókó, á fi kókó ọ̀hún nu ara láti ìrù dé orí. Ní 1758, Linnaeus, onímọ̀ tó ń pín àwọn ẹ̀dá sí ìsọ̀rí, wò ó títí, ó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti ekòló.

Ẹ má fojú di í o, ọmọ onílẹ̀ ni. Nínú òkun Nova Scotia ni wọ́n ti ń kó o lọ tà ní South Korea, níbi tí wọ́n ti ń yan án jẹ. Macaw aláriwo ló nílò ìwé àṣẹ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá ìgbẹ́, kó tó kọjá bọ́dà. Ẹni tó níwèé kì í pariwo.

Ibo ni wọ́n ti wá tan? Ẹ béèrè ní Royal Ontario Museum. Jean-Bernard Caron tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú Simon Conway Morris ti Cambridge, ló ṣàlàyé Metaspriggina fáyé ní 2014: ẹja tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí òkúta British Columbia ti gbá mọ́ra láti nǹkan bíi 500 mílíọ̀nù ọdún. Irú bàbá ńlá bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ní. Nígbà tí wọ́n pín ogún, macaw kó eegun, ó kó àgbọ̀n, ó kó ìyẹ́. Hagfish ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní ikun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra, ẹbí kan náà ni wá. Macaw ló kàn sún mọ́ wa ju hagfish lọ, èyí tí ẹni tó ni gbọ̀ngàn àríyá wa ní Brampton ti mọ̀ tipẹ́, tó fi ń pa iná mọ́ wa lórí ní aago méjì òru.