Wọ́n Ta Omi fún Ọmọ Olómi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Ẹ bá mi bi àwọn ará Venice léèrè, kí ni mo ṣe fún wọn? Odidi ìlú, ìlú tí èèyàn ń gbé, tí wọ́n ń sá aṣọ sójú fèrèsé, ni wọ́n ń gbowó ìwọlé sí! Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti fi lélẹ̀ pé ní àwọn ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀, àlejò tí kò bá ní sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ san yúrò 5. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, wọ́n ní ẹni tó bá fi falẹ̀ kó tó san án á san 10. Padua, ìlú kan tó wà nítòsí, ni èmi àti ìyàwó mi sùn sí nítorí pé yàrá ò wọ́n níbẹ̀. Àṣé ẹni tó ń sá fún owó yàrá, owó ẹnu ọ̀nà ló ń dè é!

Ìyàwó mi ló ní ká lọ. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti ń gbé London, a ò rí ibì kankan ju ṣọ́ọ̀ṣì, ibi iṣẹ́ àti Peckham lọ. Ó ní Venice rẹwà, gbogbo ìlú ọ̀hún, orí omi ló wà.

Orí omi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná. Ìlàjẹ ni mí. Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí àwọn bàbá wa tẹ̀ dó sí etí òkun ní 1947, tí òkun sì ń gbé mì díẹ̀díẹ̀ títí dòní. Orí afárá pákó ni mo ti kọ́ ìrìn, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló ń gbé mi lọ síléèwé. Èmi yìí ni wọ́n fi bàálù gbé kọjá òkè Alps, kí n lè lọ wo ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó igi nínú ọ̀sà!

A débẹ̀, ìyàwó mi ní a gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní góńdólà. Èló? Yúrò 90! Fún ìṣẹ́jú 30! Tó bá sì di alẹ́, 110! Mo bi bàbá tó ni ín, tó wọ ẹ̀wù onílà, bóyá a máa gbé ọkọ̀ náà lọ sílé ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ìdúró ló wà lẹ́yìn wa, àjẹ̀ kan ṣoṣo ló ń fi wa ọkọ̀ dúdú gbọọrọ náà, mo sì mọ iṣẹ́ ọ̀hún, ẹ gbà mí gbọ́, mo na ọwọ́ pé kó jẹ́ kí n gbà á díẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Kò kọrin, owó orin tún wà lọ́tọ̀, fóònù ló ń tẹ̀. Nígbà tó yá, a bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lábẹ́ afárá, góńdólà níwájú, góńdólà lẹ́yìn, lórí omi o, níbi tí kò sí mọ́tò kankan, owó mi ń jó lọ, ìyàwó mi ń ya fọ́tò, ó ní kí n tújú ká!

Mo ní ká wá nǹkan jẹ. A jókòó sórí àtẹ̀gùn kan ní gbàgede Máàkù Mímọ́, mo yọ búrẹ́dì. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ yọ sí wa: a ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀, a ò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀, owó ìtanràn ń bẹ. Bí mo ṣe dìde, ẹyẹ òkun kan tó sanra rògbòdò já búrẹ́dì gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì jẹ ẹ́ síbẹ̀ gan-an! Obìnrin náà ò sọ fún un pé kó dìde. Èmi ló tún ń wò, torí pé fífún ẹyẹ lóúnjẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni níbẹ̀. A wá jókòó sílé kọfí, kí a lè jókòó láìdẹ́ṣẹ̀. Ìwé owó dé, wọ́n kọ owó orin sí i. Orin tí mi ò pè! Níbi àríyá tiwa, ẹni tó bá wù ló ń náwó fún olórin.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí nípa ilé ìtọ̀. Owó ni. Ẹ má sì bi mí nípa ọ̀nà, àmì tó ní ká gba ọ̀tún lọ sí Rialto ló tún ní ká gba òsì.

Àmọ́ mi ò gbọdọ̀ fo ti ṣọ́ọ̀ṣì Máàkù Mímọ́. Wọ́n ní èjìká ìyàwó mi hàn síta, wọ́n ní báàgì mi ò gbọdọ̀ wọlé, àwọn ẹni mímọ́! Ẹ wá gbọ́ ìtàn tí àwọn fúnra wọn ń sọ: ní 828, àwọn oníṣòwò wọn jí òkú Máàkù Mímọ́ gbé ní Alẹkisáńdíríà, wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bò ó kí àwọn aṣọ́bodè Mùsùlùmí má baà tú ẹrù wò. Ní 1204, wọ́n kó ẹṣin idẹ mẹ́rin ní Constantinople. Mo ya fọ́tò àwọn ẹṣin náà lókè ẹnu ọ̀nà títí ọrùn fi ń ro mí, kí wọ́n tó sọ fún mi pé ayédèrú nìyẹn, ojúlówó wà nínú ilé, ẹ san owó! Àwọn tó jí odidi ẹni mímọ́ gbé, kí ni wọ́n fẹ́ fi èmi ṣe?

Wọ́n tún ní ilẹ̀kùn irin 78 tó ń dìde látinú òkun láti dá omi padà nígbà tí òkun bá kún, wọ́n ti ń lò ó láti 2020. Ayétòrò kò ní ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ẹ jẹ́ n fò ó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ṣì ń pẹja títí dòní, pè wá lójú ẹsẹ̀: “Àbúrò, èló lẹ san fún ọkọ̀ yẹn?” Kí n tó purọ́, obìnrin yìí ti dáhùn! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí nẹ́tíwọ̀kì fi já. Nígbà tí wọ́n tún pè, wọ́n ní àwọn máa fi ọkọ̀ àwọn ránṣẹ́ sí mi ní London, kí n kùn ún ní dúdú, kí n ra ẹ̀wù onílà, kí n lọ dúró létí Thames. Ìyàwó mi ní èrò náà ò burú o. Ó ti ń wọn àyà mi.