Ìlànà Òmùgọ̀ fún Yíyẹ Àyẹ̀wò Wò

Ọ̀gá mi, bí wọ́n bá ní kí o wá sọ bóyá àyẹ̀wò ibà ní Port Harcourt wúlò, má da ara rẹ láàmú. Orí ni kí o kà. Èèyàn mélòó ni wọ́n na tẹmómítà oníbọn sí níwájú orí ní pápákọ̀ òfurufú, ní báǹkì, ní ṣọ́ọ̀ṣì? Tí wọ́n bá ti pọ̀, iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó gbé àrùn kọjá tí ẹ̀rọ ò rí, ta ló bi ọ́ léèrè?

Tún dán ẹ̀rọ náà wò lára ẹ̀ṣọ́ báǹkì tó dúró nídìí amúlétutù. Tó bá kọ 33°C lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, pàtẹ́wọ́ fún un: ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ kò lè purọ́ láé. Bí ara ẹ̀ṣọ́ bá tutù tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ọsibítù ló yẹ kó wà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù rẹ.

Aláròjinlẹ̀ kan lè fẹ́ fi Ebola ọdún 2014 dí ọ lọ́wọ́. Á ní ẹnì kan tó fara kan Patrick Sawyer, aláìsàn tó gbé Ebola wọ Nàìjíríà, l'Ékòó sá wá gba ìtọ́jú ní bòókẹ́lẹ́ nínú òtẹ́ẹ̀lì ní Port Harcourt, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Dókítà Iyke Enemuo tó tọ́jú ẹni tó sá wá náà kò ṣàìsàn títí di ọjọ́ 11 oṣù náà. Ó kú ní ọjọ́ 22. Kí àìsàn tó dé, ìbọn wo ni ì bá dá a dúró? Ebola lè sá pamọ́ sára fún ọjọ́ 21 láìsí ibà. Ẹni tí ara rẹ̀ sì ti gbóná, Panadol méjì lè fi ibà náà pamọ́ fún ẹ̀rọ.

Má dá a lóhùn. Gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ dá dúró, kà á sí èrè, bó tilẹ̀ jẹ́ ibà ẹ̀fọn ìgbà òjò ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ rèé, ní gbogbo Port Harcourt, èèyàn díẹ̀ péré ni Ebola mú, 2 kú.

Èyí tó kù ni kí o fi pamọ́ dáadáa: àwọn òṣìṣẹ́ tó tọpa èèyàn 894 káàkiri Nàìjíríà, ilé dé ilé, tí wọ́n ń wọn ìgbóná ara wọn fún ọjọ́ 21. Tẹmómítà náà ni wọ́n lò, àmọ́ ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé ó fara kan aláìsàn ni wọ́n ń wọ̀n, wọn ò sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lọ. Àjọ WHO kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà. Ìwọ ṣáà kọ ọ́ pé ìbọn ẹnu ọ̀nà báǹkì ló lé e lọ. Wọ́n á ra òmíràn sí i.