Bàbá Oníbàálù ti Houston

Bí ẹ bá dé òde àríyá Yorùbá ní Houston, tí gbogbo ojú wà lára olórin, tí ọkùnrin kan ṣoṣo gbójú sókè tó ń wá ohun tó ń dún lójú sánmà, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Oníbàálù ni. Dókítà ọkàn ni níbi iṣẹ́, bàbá ìbejì ni nílé, àmọ́ ẹ ó ti jẹ ìrẹsì tán, ẹ ó ti kan ẹran, kí ẹ tó gbọ́ ìyẹn lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé gúúsù ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ lónìí, pé kùrukùru àárọ̀ pẹ́ kó tó ká, pé bí kì í bá ṣe ìyẹn ni, òun ì bá ti gbéra. Ẹ pè é sí ìsìnkú, ẹ pè é sí ìsọmọlórúkọ, èsì kan náà ni: "A ó wo bójú ọjọ́ bá ṣe rí." Bẹ́ẹ̀, òpópónà kejì sí ilé rẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ sọ ọmọ náà lórúkọ.

Bàálù tirẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwọn olówó Nàìjíríà fi ń lọ síbi ìgbéyàwó o. Cessna 172 ni: ìjókòó mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì kan, abẹ̀bẹ̀ kan níwájú, apá méjì lókè orí. Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti ń ta irú rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe é ju 44,000 lọ. Kò sí bàálù mìíràn láyé tí wọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1977 ni wọ́n ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe pé ahun ni. Ní 1986 ni Cessna dáwọ́ irú bàálù kékeré báyìí dúró, nítorí ẹjọ́ táwọn ènìyàn ń pè é lọ́tùn-ún lósì kò jẹ́ kó rímú mí. Ìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin tó dáàbò bo àwọn aṣebàálù ní 1994 ni ilé iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún inú rò, tuntun sì ti kọjá 400,000 dọ́là báyìí. Ògbólógbòó yìí, nígbà tó rà á, owó rẹ̀ kò tó ti jíìpù tí ìyàwó rẹ̀ ń wà.

Àwọn ará ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde kò mọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé Bọ̀dá Dókítà ti ra bàálù. Láti ọjọ́ náà ni WhatsApp rẹ̀ kò ti sinmi: ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ pààrọ̀ òrùlé, ẹ̀gbọ́n kan fẹ́ kó bá òun dá ọmọ padà sí yunifásítì, àbúrò bàbá rẹ̀ kan sì ní bó bá ń fò bọ̀ wálé lọ́dún, kó jọ̀ọ́ kó yà gbé òun ní Accra. Kò tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà. Fọ́tò ló tún fi ránṣẹ́. Abẹ́ apá ọ̀tún ló dúró sí, nítorí ọ̀dà apá òsì ti ń bó. Agbádá ló wọ̀, ó dé fìlà abetí-ajá, ó wá fẹ́ gbé hẹdifóònù ńlá tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń lò lé e. Méjèèjì kò gba ara wọn lórí kan. Nínú fọ́tò, ọwọ́ ni fìlà wà.

Nígbà tó ń rà á, àlàyé tó ṣe fún Ìyá Ìbejì ni pé àwọn á máa lọ síbi tó bá wù wọ́n, lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Dallas fún ìgbéyàwó, New Orleans fún oúnjẹ ọ̀sán. Bóyá òótọ́ ló sì ń sọ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ní èrò tirẹ̀. Lycoming ló wà nínú bàálù yìí, òkè pátápátá ni wọ́n sì gbé irin tó ń ṣí fáàfù sí nínú rẹ̀. Bí bàálù bá jókòó sójú kan fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọ́ìlì á ti ro kúrò lára irin yẹn, ó ku irin nìkan pẹ̀lú ọ̀rinrin Houston, èyí tí ẹ mọ̀ pé kò kéré. Irin á dógùn-ún. Bó bá ti dógùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara rẹ̀ jẹ, wọ́n á sì tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi sínú tọdún 1977 gan-an ló tún lórúkọ burúkú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, Bàbá Oníbàálù gbọ́dọ̀ fò. Kò níbi tó ń lọ. Ó ń fò kí ọ́ìlì lè gbóná, kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ. Á yí po lórí oko ìrẹsì, á yí po lórí òrùlé àwọn ẹni ẹlẹ́ni, á padà wá balẹ̀ síbi tó ti gbéra. Wákàtí kan lè gba gálọ́ọ̀nù mẹ́jọ epo, gálọ́ọ̀nù kan sì ti lé ní dọ́là mẹ́fà ní ọ̀pọ̀ pápá. Bí ìpè ilé ìwòsàn kò bá jẹ́ kó rí bàálù náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oorun kì í kùn ún mọ́. Á dìde lóru, á ní omi lòun fẹ́ mu, ẹ ó bá a níwájú kọ̀ǹpútà tó ń wo bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́.

Ọ́ìlì yìí kan náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń pa á dà. Òfin gba awakọ̀ tó ni bàálù láàyè láti pa ọ́ìlì dà, láti tún táyà ṣe, láti fọ púlọ́ọ̀gì, bó bá ṣáà ti kọ ọ́ sínú ìwé bàálù, tó sì fọwọ́ sí i. Á wá bu díẹ̀ nínú ògbólógbòó ọ́ìlì sínú ìgò kékeré, á fi ránṣẹ́ sí láàbù kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá irin ti ń pọ̀ nínú rẹ̀, bóyá bàbà ti yọjú. Àwọn aláìsàn rẹ̀ a máa retí èsì ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Èsì ọ́ìlì, ìdájí ló ń jí kà á. Ẹ̀jẹ̀ ti ara rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Lóòótọ́, láti 2017 ni ìjọba ti dẹ okùn àyẹ̀wò ara fún àwọn awakọ̀ bàálù kékeré, síbẹ̀ ẹ̀rù ìwé àyẹ̀wò kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ojoojúmọ́ bá ènìyàn wí pé wọn kò tètè wá sọ́dọ̀ dókítà, bí orí bá ń fọ́ ọ, á ní oòrùn ni.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni òfin ní kí wọ́n tú bàálù wò láti imú dé ìrù. Ẹ wá wo Dókítà lọ́jọ́ náà. Ní ilé ìwòsàn, bó bá wúkọ́, nọ́ọ̀sì mẹ́ta á yíjú. Níbí, òun ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún mẹkáníìkì, òyìnbó Texas kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ bàálù tó ń fi ìka kan tẹ páìpù kan jẹ́jẹ́. "Gbé iná sápá òsì." Dókítà gbé iná sápá òsì. "Kì í ṣe òsì tìrẹ, òsì bàálù." Dókítà bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó mí kanlẹ̀, ó ní, "Hùn-ún." Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn gbọ́ ìròyìn tó burú ju ìyẹn lọ tí ojú wọn kò wọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fún aláìsàn ní ọjọ́ tó jìn tó oṣù mẹ́ta wá jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń retí mẹkáníìkì tó lọ jẹun.

Àwọn oníbàálù Amẹ́ríkà kì í fẹnu pe dọ́là nílé. Wọ́n ní ẹyọ owó tiwọn, AMU ni wọ́n ń pè é, AMU kan sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún dọ́là kan. Nítorí ìyàwó ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí. Ìyá Ìbejì ń gbọ́ ọkọ rẹ̀ lórí fóònù: "Ó máa tó AMU mẹ́rin." Obìnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, àmù mẹ́rin? Kí ni bàálù fẹ́ fi omi ṣe tó bẹ́ẹ̀?"

"Ohun èlò ni, ìyá mi. Ó kéré."

Títí wọ́n fi mú ìwé báńkì wá nípàrí oṣù, ó gbà pé ó kéré. Láti ìgbà náà ni òun náà ti ń fi AMU ṣírò aṣọ ẹbí.

Ẹ ó rò pé ojú rẹ̀ á ti wálẹ̀. Rárá o, Bonanza ló ń wò báyìí, èyí tí ìrù rẹ̀ rí bíi lẹ́tà V, tí Beechcraft ti ń ṣe láti 1947 kí wọ́n tó dá a dúró ní 1982. Ó yá ju Cessna rẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ bàálù náà ní apadókítà, wọ́n ní dókítà lówó tí yóò fi rà á, kò ní àkókò tí yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Ìyá Ìbejì ti gbọ́ orúkọ yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bonanza dúró sí. Bákan náà ni ti Oshkosh ní Wisconsin, níbi tí àwọn oníbàálù ti ń pé jọ lóṣù keje, tí wọ́n ń pa àgọ́ sábẹ́ apá bàálù wọn sùn. Ọdọọdún ló ń sọ pé tọdún yìí òun á fò lọ. Ọdún tó lọ gan-an, ọkọ̀ òfuurufú elérò ló wọ̀, àárín ènìyàn méjì ló jókòó sí, ó sì ń ṣàlàyé fún wọn ohun tí awakọ̀ yẹn ṣe láṣìṣe nígbà tó ń balẹ̀.

Màmá rẹ̀ wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ti pé. Dókítà ní òun á fi bàálù gbé Màmá lọ sí Brenham, níbi tí ilé oúnjẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàálù ń balẹ̀ gan-an. Ìṣòro kan ló wà: gbogbo ohun tí bàálù náà lè gbé, tòun ti ara rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 2,300 pọ́n-ùn lọ. Bí epo bá kún inú rẹ̀, ìwọ̀nba 600 pọ́n-ùn ló kù fún ènìyàn mẹ́rin àti ẹrù. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé ìwọ̀n jáde láti ilé ìwẹ̀.

"Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn gun orí rẹ̀ díẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ìwọ̀n mi ṣe? Ṣé o fẹ́ tà mí ni?"

"Òfin ni, Màmá."

"Èmi kò wọ̀n ọ́ kí n tó gbé ọ pọ̀n."

Ìyá Ìbejì kò tilẹ̀ sún mọ́ ìwọ̀n. Kúlà oúnjẹ ni wọ́n gbé lé e, ó wúwo ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Màmá fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo ìṣirò náà, ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ pé ẹni tó wúwo jù ló yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n má fi òun pè é. Bí àwọn obìnrin ṣe kó kúlà sínú jíìpù nìyẹn, tí wọ́n gba títì lọ.

Bàbá Oníbàálù la Houston já lọ sí pápá tí ó ti rí ibi ìgbọ́kọ̀sí gbà, ní òdìkejì ìlú. Ó yọ aṣọ ìbora. Agbọ́n ti fi amọ̀ dí páìpù kékeré tó wà lábẹ́ apá, èyí tí bàálù fi ń mọ bó ṣe ń yára tó. Ó yọ ọ́. Ó fa epo díẹ̀ látinú apá kọ̀ọ̀kan sínú ife tó mọ́ gaara, ó gbé e sókè sójú oòrùn, ó ń wá omi nínú rẹ̀. Àwọ̀ epo náà dà bí omi aró tó ti ṣàn. Ó ka ìwé ìlànà sókè, ó ń fọwọ́ kan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọrí síta, ó kígbe pé kí gbogbo ènìyàn yà fún abẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó tò sẹ́yìn bàálù akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbéra. Ìgbà tó fi ilẹ̀ sílẹ̀, ìdajì wákàtí péré ló lò lókè, ó sì balẹ̀ ní Brenham láìfì rárá. Ẹ jẹ́ ká fún un ní tirẹ̀, ó mọ̀ ọ́n wà.

Màmá ti jẹun tán, ó ti wà lórí áísìkiriìmù Blue Bell tí wọ́n ń ṣe nílùú náà. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń nu òógùn bọ̀ láti orí pápá, ó sún àga fún un.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o, oníbàálù. Ṣé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà lókè náà ni?"