Ẹja Tó Bọ́

Kò sí ẹja tó ń yára dàgbà bí èyí tó bọ́ lẹ́nu ìwọ̀. Létí adágún, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kí apẹja tó délé, ó ti gùn tó apá. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ nídìí ayò, díẹ̀ ló kù kí ẹja ọ̀hún fa bàbá wọmi.

Ká sòótọ́, ẹja inú adágún kékeré kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ẹ wo epìyà. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ẹnu ni ìyá ti ń tọ́jú ẹyin títí tí yóò fi pa. Ẹnu náà ni àwọn ọmọ ń sá padà sí bí ewu bá dé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìyá kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ẹ wá ń fi ekòló lọ abiyamọ tó kó ọmọ sẹ́nu. Ẹnu wo ni kó fi gbà á?

Ti àrọ̀ tún le. Yàtọ̀ sí ìjàngbọ̀n rẹ̀, ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè, ó sì lè wọ́ gba orí ilẹ̀ tútù lọ sínú omi mìíràn. Ẹ jókòó ti ìwọ̀, onílé ti kó lọ.

Ìdí nìyí tí apẹja kan fi máa ń yà lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja kó tó délé. Kò burú. Ṣùgbọ́n kó má ra Titus o: ìyàwó ilé mọ̀ pé inú òkun lẹja yẹn ti ń wá.