Ẹ Dákun, Ẹ Bá Mi Wá Ẹ̀wà Tó Ní Kòkòrò

Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. Ará Adó-Èkìtì ni mí. N kò ní ọkọ̀, n kò ní ilẹ̀ ní GRA, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni du oyè. Ẹ̀wà àti dòdò nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó jẹ́ tèmi láyé yìí. Wọ́n ti wá gba ẹ̀wà lọ́wọ́ mi, ẹ má ní kí n dákẹ́.

Láyé àtijọ́, ẹ̀wà tó mọ́ tónítóní, tó ń dán, tí kò ní ihò kankan, ni mo máa ń wá lọ́jà. Ní báyìí, tí mo bá rí irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀, àyà mi á já. Ẹ̀wà tó ti kúrò lóko láti ọjọ́ pípẹ́, tó wọ tírélà láti Òkè Ọya wá, tó sùn sí ìsọ̀ nínú ooru, síbẹ̀ tí kòkòrò kan ṣoṣo kò tọ́ ọ wò: kí ni kòkòrò mọ̀ tí èmi kò mọ̀? Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá ẹ̀wà oníkòkòrò kiri nìyẹn. Bí kòkòrò bá ń rìn gbẹ̀fẹ́ nínú kóńgò, tí kò ṣàìsàn, mo mọ̀ pé èmi náà lè jẹ ńbẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kẹ́ ẹ wo ohun tójú yín máa rí.

"Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì. Ẹ ní èyí tí kòkòrò wà nínú ẹ̀?"

Ìyá gbójú sókè. "Bàbá Dàmọ́lá, ṣé ẹ wá bú mi láàárọ̀ yìí ni? Ẹ̀wà tèmi ò ní kòkòrò rárá!"

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, Mọ́mì."

Ó ní kí n kúrò níwájú ìsọ̀ òun kí n tó lé oníbàárà òun lọ. Mo bi í bóyá wọ́n fi nǹkan sí i. Ó ní òun ò fi nǹkan kan sí i o, àfi bó bá jẹ́ àwọn tó kó o wá. Mo bi àwọn tó ń já ẹrù lára tírélà. Wọ́n ní àwọn tó tà á fún àwọn ní Òkè Ọya ni. Bí mo bá dé Òkè Ọya, mo mọ̀ pé wọ́n á ní àgbẹ̀ ni. Àgbẹ̀ á ní kòkòrò ló fà á. Kòkòrò sì ti kú, kò lè jẹ́rìí.

Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe awo. Dichlorvos ni orúkọ oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀wà, Snáípà ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí, ọ̀tápíàpíà sì ni ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń kiri lójú pópó. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò láwàdà nínú. Nǹkan kan wà nínú ara kòkòrò tó máa ń jẹ́ kí iṣan sinmi lẹ́yìn iṣẹ́. Oògùn yìí á dè é mọ́lẹ̀, iṣan ò ní lè sinmi mọ́, kòkòrò á máa gbọ̀n títí ẹ̀mí á fi bọ́. Wàyí o, irú nǹkan kan náà wà lára èmi ọmọ èèyàn. Oògùn kì í béèrè ẹsẹ̀ mélòó lo ní kó tó ṣiṣẹ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí NAFDAC tó dé.

NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ wa, gbìyànjú, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Lọ́dún 2019, wọ́n fòfin de ìgò kékeré, láti 100 mílílítà wálẹ̀. Wọ́n ní ìgò ńlá nìkan ni kó kù, kó sì wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn oko tí wọ́n fọwọ́ sí. Òfin náà dára. Àmọ́ Àbújá ni òfin ń gbé, àdúgbò wa sì ni oògùn ń gbé. Mẹ̀kúnnù wo ló fẹ́ ra odidi lítà kan nítorí aáyán mẹ́rin? Ẹnìkan á ra ìgò ńlá, á sì máa dà á sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ti mu tán, á máa tà á ní ìwọ̀nba owó ọwọ́ yín. Nígbà tó wà nínú ìgò kékeré, ó lórúkọ, ó sì ní ìkìlọ̀ lára. Ní báyìí, ó ti wọ aṣọ ohun tí ọmọdé ń mu. Òfin gba ìgò lọ, ó fi oògùn sílẹ̀ fún wa.

Ohun tó tún ń mú mi bínú ni pé Òyìnbó ti pariwo ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá. Dichlorvos tí wọ́n fàyè gbà nínú kílò ẹ̀wà kan kò ju 0.01 mílígíráàmù lọ. Èyí tí wọ́n bá nínú tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì gùn ún dé 4.6. Ẹ bá mi pín in: ìlọ́po 460 nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ ní ọdún kan, nígbà tó yá wọ́n fi ọdún mẹ́ta lé e. Látìgbà náà, bí mo bá gbọ́ tí aláṣẹ kan ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wà lórí rédíò, owó ilẹ̀ òkèèrè tó bọ́ lọ́wọ́ wa ló máa ń dùn ún. Ẹnu ará Yúróòpù ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹnu tèmi ní Àjílósùn l'Ádó ńkọ́? Ṣé ìfun tiwọn ni Ọlọ́run fi ẹran ṣe, tó wá fi irin ṣe tèmi?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ní kí n fi ẹ̀wà sílẹ̀, kí n gba ẹ̀fọ́ mú. Onílé mi ò sì jẹ́. Èkìtì tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọkọ́ àti iyán, onílé mi ò fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Bí koríko bá ti yọrí, á gbé tánkì oògùn apakoríko kọ́ ẹ̀yìn, á máa fọ́n ọn fìì-fìì káàkiri àgbàlá. Mo bi í pé, "Alàgbà, irú wo lèyí?" Ó ní apakoríko ni, ṣé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ìyàwó mi tẹ́ ẹ fọ́n ọn sí yẹn, òun la fẹ́ fi jẹ iyán lálẹ́." Orúkọ ara ike náà ti bó, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Paraquat wà lára irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá gbé e mì, kò sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn kankan láyé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni NAFDAC ti fòfin dè é. Ta ló wá ń bi àwọn onílé léèrè ohun tó wà nínú tánkì wọn? Bí òjò bá rọ̀, á gbé e lọ sí gọ́tà, gọ́tà á gbé e lọ sódò, ara gbogbo wa á sì gbà ńbẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún ni pé Èkìtì la wà. Ẹ lọ síbi ìnáwó kan l'Ádó, kẹ́ ẹ ké "Ọ̀jọ̀gbọ́n!", ìdajì àwọn tó jókòó ló máa wẹ̀yìn. Síbẹ̀, èmi ò mọ ibi tí mo lè gbé kóńgò ẹ̀wà kan lọ kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé tipẹ́: lọ́dún 1998, onímọ̀ kẹ́mísírì méjì, Paul Anastas àti John Warner, kọ ìwé ní Amẹ́ríkà, wọ́n to ìlànà 12 sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n ń pè ní green chemistry, ìyẹn kẹ́mísírì tí kì í ba ayé jẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ni pé ká má dá ẹ̀gbin sílẹ̀ sàn ju ká máa wá bí a ó ṣe palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Òmíràn ní kí ohun tí a bá ṣe jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láìmú májèlé dání. Ìyá mi tí kò ka ìwé máa ń da ata gbígbẹ sínú garawa ẹ̀wà, á dé e pa. Kò sí ẹni tó fún un ní oyè ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀nà àbáyọ wà nílẹ̀, kò sì jìnnà. Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn olùwádìí ní Kamẹrúùnù ti gbé àpò kan jáde, PICS lorúkọ rẹ̀: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun kan lóde. Ẹ da ẹ̀wà sí i, ẹ so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan le dan-in. Kòkòrò inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, kò ní lè jẹun, kò ní lè bímọ, á kú láìsí ẹ̀kán oògùn kan. Ní Ìlọrin níbí, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ìpamọ́ irè oko ní lẹ́búlẹ́bú kan tí wọ́n fi erùpẹ̀ ilẹ̀ wa ṣe, tó ń gbẹ omi ara kòkòrò títí á fi kú. Ìlọrin o! Kì í ṣe òṣùpá.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ti Àbújá lọ̀rọ̀ yìí, pé ìpínlẹ̀ ò lágbára. Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ ni bíi tiwa. Lọ́dún 1989, wọ́n ṣòfin pé iléeṣẹ́ tó bá ń lo májèlé púpọ̀ gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ lọ́dọọdún, kó sì sọ bó ṣe fẹ́ dín in kù. Wọ́n sì dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní yunifásítì wọn ní Lowell tó ń kọ́ àwọn iléeṣẹ́ náà lọ́nà mìíràn. Tiwa ńkọ́? Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ń ṣàkóso ọjà. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà ò fojú fo ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ ìyá àgbà tó pàtẹ ata mẹ́fà síwájú. Ṣé àwọn náà ni kò rí ike oògùn?

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń ta oògùn oko sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ike ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ wọn. Ẹ kó àpò PICS fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ẹlẹ́wà l'Ọ́jà Ọba àti l'Ọ́jà Bísí ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ kẹ́mísírì máa bu ẹ̀wà lọ́jà lọ yẹ̀ wò lóṣooṣù, kẹ́ ẹ sì ka èsì rẹ̀ lórí rédíò ní èdè tó yé wa.

Bí èyí bá pọ̀ jù, ẹ̀yọ kan péré ni kẹ́ ẹ fún mi. Àwọn aṣòfin 26 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkìtì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹnìkan tí wọn ò mọ̀ lọ ra ẹ̀wà lọ́jà, èyí tó dán, tí kò ní kòkòrò kankan, kí wọ́n sè é, kí wọ́n bù ú fún gbogbo wọn níbi ìjókòó. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán tí wọ́n bu òmíràn sí i, èmi náà á lọ ra tèmi. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kí wọ́n dìde ní ìkọ̀ọ̀kan kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀, kí akọ̀wé ilé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dá mi lójú pé a ó lófin kí oúnjẹ náà tó tutù.